Mo fẹ́ ra Prelude àlòkù: kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Kọ́lá Ilẹ̀kùn Méjì
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ ra ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì, èyí tí táyà iwájú ń fà, tó lè sáré díẹ̀, ṣùgbọ́n tí mo ṣì lè máa gbé lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Honda Prelude ìran karùn-ún ló wà lọ́kàn mi, èyí tí wọ́n ṣe láti ìparí 1996 títí di 2001. Mo ti rí ọ̀kan, ti 1999. Gíà ọwọ́ ni, ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń dán, mítà rẹ̀ ti lé ní máìlì 140,000. Ẹni tó ń tà á ní òun ni ẹni kẹta tó ní in, pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é, kí n ṣáà wọlé kí n máa lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi Prelude sílẹ̀, kí n wá Integra, ti Honda náà, tàbí Toyota Celica. Kí lẹ rí sí i? Kí ni kí n yẹ̀ wò? Ṣé ọkọ̀ tó ti lé lógún ọdún tiẹ̀ ṣì ṣeé gbé lójoojúmọ́?

Ọ̀gá Gíà
Àbúrò, ó ṣeé gbé. Ṣùgbọ́n má kọ́kọ́ béèrè máìlì, ìwé ni kó o béèrè. Ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ timing belt, bẹ́líìtì tó ń mú kí písítìn àti fáàfù bára rìn, gbẹ̀yìn? Rìsíìtì rẹ̀ dà? Nínú H22, ẹ́ńjìnnì 2.2 lítà tó wà nínú ọkọ̀ yìí, bí bẹ́líìtì yẹn bá já, písítìn á gbá fáàfù, fáàfù á tẹ̀, ẹ́ńjìnnì lọ nìyẹn. Ìwé ìlò ọkọ̀ náà ti Amẹ́ríkà ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ ní máìlì 105,000 tàbí ọdún méje, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Ọdún méje yẹn làwọn èèyàn máa ń gbójú fò. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé sílẹ̀ tí kò rìn, bẹ́líìtì rẹ̀ ń gbó níbi tó wà. Bí kò bá sí rìsíìtì, gbà pé wọn ò pààrọ̀ ẹ̀, kó o sì yọ owó iṣẹ́ náà kúrò nínú iye tó pè é.

Bí wọ́n bá ṣí ibẹ̀, kí wọ́n má pààrọ̀ bẹ́líìtì nìkan. Water pump, bẹ́líìtì kékeré tó ń yí balance shaft (ọ̀pá tó ń dín gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì kù), àwọn oil seal iwájú (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò), gbogbo rẹ̀ ni kí wọ́n ṣe pọ̀, torí iṣẹ́ ṣíṣí yẹn ló gba owó jù. Tensioner tó bá ìran karùn-ún wá, èyí tó ní ọ́ìlì nínú tó ń fa bẹ́líìtì le fúnra rẹ̀, máa ń jò tó bá dàgbà, bẹ́líìtì á sì dẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti yọ ọ́ dànù, a fi èyí tí wọ́n ń fọwọ́ fún, tó wá lára ẹ́ńjìnnì Accord, rọ́pò rẹ̀. Ohun kan tún wà: seal iwájú ti balance shaft lè ta jáde lójijì, gbogbo ọ́ìlì á sì dà sílẹ̀ kó o tó rí ibi páàkì. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí wọ́n ń dì mọ́ ọn kó má bàa jáde. Béèrè bóyá wọ́n ti fi síbẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá mọ ohun tó ò ń béèrè, ìyẹn gan-an dára ju ìdáhùn rẹ̀ lọ.

Ìyá Arẹwà
Ẹ ṣé, Ọ̀gá Gíà. Ẹ jẹ́ kí n gba ti ọ́ìlì sọ.

Kọ́lá, ẹ́ńjìnnì yẹn fẹ́ràn ọ́ìlì. Kì í ṣe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ tó kó o fi mú un lọ́kàn. Sọ fún ẹni náà pé kó má tan ọkọ̀ kó o tó dé. Bó o bá débẹ̀, gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná, ó ti tan án sílẹ̀ dè ọ́, kó o bi í léèrè ìdí. Yọ géèjì ọ́ìlì kí kọ́kọ́rọ́ tó wọlé. Mo ti yọ géèjì ọkọ̀ kan rí tí ọ́ìlì ò tiẹ̀ kan orí rẹ̀, ẹni tó ń tà á sì dúró tì mí tó ń sọ pé oṣooṣù lòun ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ẹlòmíì wá tan ọkọ̀, kí ìwọ dúró sẹ́yìn níbi sàlẹ́ńsà. Èéfín búlúù tó tú jáde lẹ́ẹ̀kan tó sì pa rẹ́, rọ́bà orí fáàfù ló ti gan, ìyẹn ṣeé ṣe. Èyí tó ń jáde nígbà tó o bá tẹ tọ́tù, ìtẹsẹ̀ epo, mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, ríìngì písítìn nìyẹn, kó o mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá lo fẹ́ rà. Wà á títí tó fi máa gbóná dáadáa, mú gíà kẹta, fà á dé RPM 6,000 (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), gbẹ́sẹ̀ kúrò pátápátá, jẹ́ kí gíà fúnra rẹ̀ fà á sílẹ̀, kó o tún wá tẹ̀ ẹ́. Dígí ẹ̀yìn ni kó o máa wò nígbà yẹn, má wo dáṣíbọ́ọ̀dù.

Bó o bá ti rà á, gbogbo ìgbà tó o bá ra epo ni kó o yọ géèjì. Mi ò ṣàwàdà.

Kòsí Turbo
Gbogbo wàhálà yìí nítorí Prelude? Ra Integra, jàre. Ó fúyẹ́ jù ú lọ, ó rọrùn láti tún ṣe, ohun èlò rẹ̀ àti ti Civic sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ jẹ́ ọ̀kan náà. GS-R, irú Integra kan tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, ní agbára ẹṣin 170 látinú 1.8 lítà péré. Type R, Integra wọn tó lágbára jù, tó dé ní 1997, ní 195, ó sì ń yí dé 8,400 RPM kó tó kan ìlà pupa. Prelude 2.2 lítà ní 195 sí 200, ó wá tún wúwo. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín.

Bí H22 bá sì ń mu ọ́ìlì, kí ló kù? Wọ́n á gbẹ́ síláńdà rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, wọ́n á ki písítìn tó tóbi sí i, ó parí.

Bàbá Onírin
Kòsí Turbo, rọra o. Síláńdà H22 ò rí bíi ti Integra. Ti Integra, irin ni, o lè gbẹ́ ẹ. Inú ti H22 ni wọ́n ń pè ní FRM: aluminium ni, wọ́n wá há fọ́nrán carbon àti alumina mọ́ ọn lára. Ó le gan-an, ó sì ń tú ooru jáde dáadáa, ṣùgbọ́n kò gba gbàkugbà. Ríìngì tí kì í ṣe tirẹ̀ máa fá a. Písítìn olówó ńlá tí wọ́n ṣe fún síláńdà onírin náà máa bà á jẹ́. Kódà òkúta tí wọ́n fi ń họ inú rẹ̀ yàtọ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń gbẹ́ síláńdà ni kò sì mọ̀. Èèyàn ní ọ̀nà méjì: kó lo písítìn àti ríìngì tí Honda ṣe fún FRM, tàbí kó san owó kí wọ́n ti síláńdà onírin bọ inú rẹ̀. Èyí kejì yẹn, nígbà míì, ó lè pọ̀ ju owó odidi ẹ́ńjìnnì míì lọ.

Nítorí náà, Kọ́lá, sanwó fún compression test (wọ́n á wọn bí síláńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó) àti leak-down (wọ́n á wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń jò jáde) kó o tó ra ohunkóhun. Kì í ṣe pé kí nọ́ńbà ga nìkan, kí síláńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sún mọ́ra. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ kí mẹkáníìkì tìẹ yọ plọ́ọ̀gì, máa lọ sílé.

Kòsí Turbo
Bàbá, ẹ ṣeun. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ yìí ló ní kó ra Integra.

Mọ́remí DC2
Èmi ni mo ni Integra níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí Kòsí Turbo fò. Olè fẹ́ràn ọkọ̀ yìí ju ẹni tó ni ín lọ. Ohun tó sì tẹ̀ lé e ni pé ayédèrú Type R pọ̀ ju ojúlówó lọ. Ẹnikẹ́ni lè ra àmì pupa, àga Recaro àti ìyẹ́ ẹ̀yìn. Ojúlówó ti Amẹ́ríkà, B18C5 ni wọ́n tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Wo nọ́ńbà sáséè lára irin, wo èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, wo èyí tó wà nínú ìwé. Kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu. Wo ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà yẹn pẹ̀lú, bóyá wọ́n ti jó irin níbẹ̀.

Ìpẹtà ńkọ́? Ibi tí bọ́dì ti yí táyà ẹ̀yìn ká ló ń bẹ̀rẹ̀ lára Integra. Láti inú ló ti ń jẹ ẹ́ bọ̀. Bó o bá ti rí i tí ọ̀dà ń wú lóde, inú ti lọ tipẹ́. Ti ọwọ́ rẹ bọ abẹ́ rẹ̀, kó o fọwọ́ tọ́ etí irin náà yípo.

Rẹwà Lọ́nà
Ẹ ò sọ̀rọ̀ Celica rárá. Ìran keje, 1999 sí 2006. Èyí kò ní timing belt, chain ló ní, gbogbo ìwàásù Ọ̀gá Gíà lórí ọdún méje ò kàn án. Ó sì kéré sí àwọn méjèèjì lọ́jọ́ orí. Wàhálà tó ní ò ju pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jẹ ọ́ìlì.

Onísẹ́nsọ̀
Rẹwà Lọ́nà, ẹ́ńjìnnì méjì ló wà nínú Celica yẹn, àrùn wọn ò sì jọra. 1ZZ-FE, èyí tí agbára rẹ̀ kéré, òun ló ń jẹ ọ́ìlì, pàápàá àwọn tí wọ́n ṣe títí di 2002, torí ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìn wọn kéré jù, ó ń dí. 2ZZ-GE ni ti GT-S, ẹṣin 180, gíà ọwọ́ mẹ́fà, irú èyí tó tún wà nínú Lotus Elise. Ti òun, bóòtù méjì kan tó di ọ̀pá rocker (apá tó ń tẹ fáàfù) mú, tí wọ́n ń pè ní lift bolt, ló ń jẹ tàbí ń gé nínú àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá ti gé, apá ńlá ti camshaft, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, ò ní wọlé mọ́. O ò ní gbọ́ ariwo kankan o, ọkọ̀ náà á kàn máa rìn bíi pé òun náà ò mọ ohun tí wọ́n tà á fún. Fà á kọjá RPM 6,000 nígbà tó bá ti gbóná. Bí ohùn rẹ̀ ò bá yí padà, tí o ò rí i kó ti ẹ̀yìn rẹ mọ́ àga, bóòtù yẹn ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Pápù ọ́ìlì 2ZZ náà ò fẹ́ kí èèyàn ṣi gíà, kó ti ìkarùn-ún já sí ìkejì. Ó máa ń fọ́ ni.

Ìdánwò kan náà wà fún VTEC ti Prelude, ẹ̀rọ Honda tó ń yí bí fáàfù ṣe ń ṣí padà bí RPM bá ga. Lẹ́yìn RPM 5,000 díẹ̀, ohùn á yí padà, ọkọ̀ á sì sọ agbára. Bí kò bá yí padà, tí ọ́ìlì sì pé, yọ ẹ̀yà VTEC solenoid tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, kó o wo asẹ́ kékeré tó wà nínú rẹ̀. Ìdọ̀tí ọ́ìlì ló sábà máa ń dí i. Rọ́bà rẹ̀ náà máa ń jò, ọ̀pọ̀ sì máa ń rò pé orí ẹ́ńjìnnì ló ń jò.

Ní tèmi, ohun tí mo máa kọ́kọ́ ṣe ni kí n ki skánà bọ OBD-II, ihò tí wọ́n fi ń yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò. Kì í ṣe torí kóòdù. Ẹni tó gbọ́n á ti pa kóòdù rẹ́ láàárọ̀ kó o tó dé, check engine ò sì ní tàn. Readiness monitor ni kó o wò, ìyẹn àkọsílẹ̀ pé ọkọ̀ ti parí àyẹ̀wò ara rẹ̀. Bó bá kọ “not ready” sí púpọ̀ nínú wọn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ọpọlọ ọkọ̀ náà ni, tàbí wọ́n yọ bátìrì. Béèrè ìdí, kó o tún padà lọ wò ó lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wà á fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Kọ́lá Ilẹ̀kùn Méjì
Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti padà lọ. Ẹ́ńjìnnì tutù nígbà tí mo dé, ọ́ìlì wà láàárín àmì méjèèjì, mi ò sì rí èéfín. VTEC wọlé, mo gbọ́ ọ dáadáa. Rìsíìtì timing belt ò sí. Ẹni tó ń tà á ní ẹni tó ní in ṣáájú òun sọ pé wọ́n ti ṣe é.

Ohun kan tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀: Type SH ni, irú Prelude tó ní ẹ̀rọ ATTS. Nígbà tí mo dé kọ́nà kan, iná ATTS tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, kò sì kú mọ́ títí mo fi pa ọkọ̀. Ẹni náà ní kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú bí ọkọ̀ ṣe ń rìn.

Ọ̀gá Gíà
“Ẹni tó ní in ṣáájú òun sọ” kì í ṣe rìsíìtì. Yọ owó bẹ́líìtì.

ATTS ni ẹ̀rọ tó ń pín agbára fún táyà iwájú méjèèjì nígbà tó o bá ń yí kọ́nà, táyà tó wà lóde kọ́nà ló ń fún ní èyí tó pọ̀ jù, kí imú ọkọ̀ lè wọ kọ́nà. Iṣẹ́ ọgbọ́n gidi ni, nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bí iná rẹ̀ bá tàn, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, ọkọ̀ á sì máa rìn lọ bíi Prelude lásán tó ru ẹrù kún ẹrù. Ohun èlò rẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Èmi ò ní ra Type SH tí iná yẹn ti tàn. Wá ti base, Prelude lásán tí kò ní ATTS.

Ìyá Arẹwà
Ẹ má bínú, ọ̀gá, mi ò gbà. Iná ATTS kì í fi gbogbo ìgbà túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ náà ti kú. Ó lè jẹ́ sẹ́nsọ̀ lásán, ó lè jẹ́ ọ́ìlì tirẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò pààrọ̀ rí, torí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ní ọ́ìlì tó dá dúró, wọ́n á pààrọ̀ ti gíà, wọ́n á pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Bí gbogbo nǹkan yòókù bá dára, kí Kọ́lá kà á sí ọkọ̀ tí ATTS rẹ̀ ti bàjẹ́, kó sanwó rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá wá jẹ́ sẹ́nsọ̀, èrè ni. Àwọn kan ti yọ gbogbo ẹ̀rọ náà, wọ́n fi gíà ti base rọ́pò rẹ̀, ọkọ̀ wọn ń lọ.

Ọ̀gá Gíà
Ẹni tó fẹ́ ọkọ̀ tí yóò gbé lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ lo ń ní kó ra gíà tuntun yìí, ìyá?

Ìyá Arẹwà
Mi ò ní kó ra gíà. Mo ní kó dín owó.

Aláfẹ́ Aláwakọ̀
Ẹ ò ní kó kàn ra èyí tí gíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀ (automatic), oní SportShift? Kò ní ATTS, ó rọrùn nínú gò-slò.

Onísẹ́nsọ̀
Rárá o. Gíà yẹn ni ibi tí Prelude ti rọ̀ jù. Bó bá ń tàsé láti ìkejì sí ìkẹta, tàbí tó ń ta ọkọ̀ níjàǹjá nígbà tó bá gbóná, má dúró gbọ́ àlàyé.

Mọ́remí DC2
Kọ́lá, ṣé o ti gbé jáàkì sí i? Gbogbo ọkọ̀ tí iwájú ń fà, iwájú ló ń san gbèsè. Yí sítíárìn dé òpin, kó o máa lọ díẹ̀díẹ̀ ní ìyípo, ọ̀tún kó o tó ṣe òsì. Bó bá ń dún kà-kà-kà, CV joint, oríkèé tó ń gbé agbára lọ sí táyà, ti jẹ. Wo rọ́bà rẹ̀, bóyá gíríìsì ti ta sí inú rím. Ball joint iwájú Prelude náà, má fi ṣeré. Bí táyà bá jẹ níhà inú nìkan, wọ́n ti rẹ ọkọ̀ náà sílẹ̀ láìtún igun táyà ṣe. Bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ́ oríṣi mẹ́rin, o ti mọ bí wọ́n ṣe ń náwó lé e lórí.

Fún gíà ọwọ́: kó o lọ sí ìkẹta kíákíá nígbà tí RPM bá ga. Bó bá ń ha, synchro, ohun tó ń mú kí gíà wọlé láìha, ti jẹ. Fún kílọ́ọ̀ṣì (clutch), mú gíà kẹrin ní RPM kékeré, tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀. Bí RPM bá ń gòkè tí ọkọ̀ ò sì sáré sí i, ó ti tán.

Bàbá Onírin
Ẹ fi ti bọ́dì kún un, torí ibẹ̀ ni owó ń gbé sá lọ. Ẹ́ńjìnnì àti ohun tó yí i ká ṣì wà, torí Accord lo ẹbí ẹ́ńjìnnì kan náà. Ṣùgbọ́n iná iwájú Prelude ìran karùn-ún, àwọn tó ga ní òró yẹn, kò sí lára ọkọ̀ mìíràn. Bọ́ńpà rẹ̀, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, ohun tó wà nínú ilé ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Èmi á kúkú ra èyí tí bọ́dì rẹ̀ pé tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rẹ̀, ju èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le tí bọ́dì rẹ̀ ti fọ́ lọ.

Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wo orí nọ́ọ̀tì tó di fẹ́ńdà mú. Bí ọ̀dà ti ṣí lórí wọn, wọ́n ti tú u rí. Wo etí rọ́bà ilẹ̀kùn, bóyá ọ̀dà ta sí i. Gbé kápẹ́ẹ̀tì búùtù, yọ táyà àfikún, kó o wo abẹ́ rẹ̀: omi tó ń gba ẹnu iná ẹ̀yìn wọlé máa ń dúró síbẹ̀. Bó bá ní sunroof, da omi díẹ̀ sí etí rẹ̀, kó o wo bóyá ó ń jáde nísàlẹ̀ ọkọ̀ tàbí ó ń kán sínú ilé.

Kòsí Turbo
Tàbí kó ra èyí tí bọ́dì rẹ̀ pé tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú, kó gbé ẹ́ńjìnnì ti Japan sí i. Type S wọn lọ́hùn-ún ní ẹṣin 220. Ẹ rí i pé mo ti gba Prelude báyìí.

Bàbá Onírin
FRM kan náà ló wà nínú tiyẹn, o gbọ́? Ọdún rẹ̀ náà ò sì kéré. Bí ẹni tó ń tà bá ní òun ti gbé ẹ́ńjìnnì míì sí i, kó fi nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ hàn, kó sì ṣàlàyé bó ṣe so wáyà pọ̀. Wáyà tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù dì ló máa gbé ọ kalẹ̀ lóru.

Kọ́lá Ilẹ̀kùn Méjì
Mo ti sọ fún ẹni tó ń tà á: owó bẹ́líìtì kúrò, owó ATTS kúrò. Ó bínú díẹ̀, ó gba ti bẹ́líìtì, ó ní òun máa ro ti ATTS. Mẹkáníìkì mi máa lọ ṣe compression ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo tún rí i pé nígbà tí oòrùn pa á dáadáa, ó kọ̀ láti tan fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan, ó wá tan fúnra rẹ̀. Ó ní epo ni.

Onísẹ́nsọ̀
Kì í ṣe epo. Main relay ni mo máa kọ́kọ́ wò, àpótí kékeré tó ń fún pápù epo ní iná. Àwọn Honda ìgbà yẹn, òjé inú rẹ̀ máa ń là bó bá gbóná, pápù epo ò sì ní ṣiṣẹ́. Nígbà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, fetí sílẹ̀ fún pápù epo lẹ́yìn, ó yẹ kó dún wìì fún ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bí kò bá dún, relay yẹn ni. Ẹni tó mọ òjé jó lè tún un jó, tàbí kó o ra tuntun. Kò wọ́n. Má sọ fún un kó o tó parí owó.

Ìyá Arẹwà
Hà, Onísẹ́nsọ̀! Ó dáa, Kọ́lá, kí compression kọ́kọ́ jáde. Ṣùgbọ́n kí mẹkáníìkì rẹ tó yọ bátìrì, béèrè kóòdù rédíò lọ́wọ́ ẹni yẹn, àti gbogbo kọ́kọ́rọ́ tó bá ọkọ̀ náà wá. Rédíò yẹn máa ti ara rẹ̀ pa bí iná bá kúrò lára rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ náà sì ní chip nínú. Èyí tí wọ́n gé lásán lójú pópó máa ṣí ilẹ̀kùn, kò ní tan ẹ́ńjìnnì.